Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Igbó Orí Òkè Tó Dá Wà, Tí A Sì Ń Lé Ewéko Àjèjì Kúrò Nínú Rẹ̀

Bí ènìyàn bá gun òkè lápá Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ kò mú jù, tó sì bojú wo ìsàlẹ̀, yóò rí i pé igbó tó kù ní ilẹ̀ wa kò so mọ́ra mọ́. Ọ̀kan wà lórí àpáta níbí, òmíràn wà ní àfonífojì lọ́hùn-ún, oko ẹ̀gẹ́, oko iṣu, oko kòkó tó ti gbó àti ọ̀nà ọlọ́dà ló sì wà láàárín wọn. Lójú ẹyẹ àti lójú ọ̀bọ, erékùṣù ni irú igbó bẹ́ẹ̀, àfi pé oko ló yí tiwa ká dípò òkun. Mo fi ọ̀rọ̀ erékùṣù bẹ̀rẹ̀ nítorí pé àwọn tó ń tọ́jú igbó ní àwọn erékùṣù tó jìnnà réré ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan ṣáájú wa: ó pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé yàtọ̀ sí àáké, àlejò tó wọlé láìsọ̀rọ̀, tí kò sì ní í lọ mọ́, ń pa igbó kékeré.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹbí, ìlú tàbí ẹgbẹ́ tó ní igbó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n sì fẹ́ kí ó kù fún àwọn ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, ẹ ó sì máa bá a pàdé bí ẹ ti ń kà á lọ: gígé kì í lé ewéko àjèjì lọ. Ìbòòji àti ìpadàbọ̀ ló ń lé e.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àlejò náà

Ewé Akíntọ́lá ni olórí wọn ní Èkìtì. Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, ó sì jẹ́ orúkọ àwọn olóṣèlú méjì tí wọ́n bá ara wọn jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Chromolaena odorata. Ẹ já ewé kan, kí ẹ yí i sí ìmọ́lẹ̀: iṣan mẹ́ta ló jáde láti ìdí ewé náà bí ẹnu amúga, etí rẹ̀ sì ní eyín díẹ̀díẹ̀ bí ayùn. Bí ẹ bá fi ọwọ́ rún un, òórùn kan yóò ta yín nímú, kì í sì í tètè kúrò lọ́wọ́ bí a tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì ní àwọ̀ àlùkò fífẹ́lẹ́ díẹ̀. Láti oṣù Bélú títí dé oṣù Ọ̀pẹ́ ló máa ń tanná. Nígbà tí ọyẹ́ bá gbẹ ẹ́ tán, èso rẹ̀ tó fúyẹ́ tó sì ní irun á gbéra, atẹ́gùn á gbé e, aṣọ ọdẹ á gbé e, irun ewúrẹ́ náà á sì gbé e. Igi kan ṣoṣo lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èso jáde láàárín ọdún kan.

Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó móoru, láti Mẹ́síkò wá sí gúúsù, ni ìpilẹ̀ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó wọ Nàìjíríà, nínú èso igi mẹ́línà tí wọ́n kó wá fún iṣẹ́ igbó láti Sri Lanka, tí à ń pè ní Ceylon nígbà náà. Ní ọdún 1937 yìí kan náà ni wọ́n gbin igi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Miconia calvescens sí inú ọgbà kan ní erékùṣù Tahiti nínú òkun Pàsífíìkì, nítorí pé ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì lẹ́wà. Lónìí, igi náà ti tàn dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta erékùṣù ọ̀hún, òkùnkùn abẹ́ ewé rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ọmọ igi ìbílẹ̀ dàgbà. Ẹnikẹ́ni kò gbìmọ̀ ibi nínú ìtàn méjèèjì yìí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló kórìíra ewé Akíntọ́lá. Bí àdá bá bu ìyá mi lọ́wọ́ lóko, oje rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ fún sí ojú ọgbẹ́ náà kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, àwọn àgbẹ̀ sì máa ń sọ pé ilẹ̀ tí ó ti bò fún ọdún mẹ́ta dára fún iṣu. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó wúlò lórí ilẹ̀ tó ń sinmi ni ó ń ṣekú pa etí igbó. Ó máa ń bo ọmọ igi mọ́lẹ̀ kí orí rẹ̀ tó yọ. Ó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń jó bí ẹni pé a da epo sí i, ibẹ̀ ni iná oko ti máa ń rí ọ̀nà wọ inú igbó gidi. Àwọn tata aláwọ̀ ewé àti ìyeyè tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú fẹ́ràn òdòdó rẹ̀ púpọ̀, wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sí orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tata yìí ni kí ẹ fi bá àgbẹ̀ tó múlé gbe igbó yín sọ̀rọ̀, nítorí pé yóò yé e kíákíá ju ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti ọ̀bọ lọ.

Èkejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní agbálẹ̀ tàbí jogbo, tí òdòdó rẹ̀ tóbi, tó sì ní àwọ̀ ìyeyè, tí ó sì to lẹ́bàá ọ̀nà ọlọ́dà ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Tithonia diversifolia ni àwọn onímọ̀ ń pè é, Mẹ́síkò àti àgbègbè rẹ̀ ni òun náà ti wá. Igi rẹ̀ tí a gé tí a sì jù sórí ilẹ̀ tútù lè ta gbòǹgbò, nítorí náà ẹni tó bá gé e ní àkókò òjò tó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ti gbin òmíràn. Ẹ̀kan àti eèsún wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n koríko ni wọ́n, ìbòòji kì í pẹ́ ṣẹ́gun wọn.

Kí a tó mú àdá

Ẹ̀tọ́ ni kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni igbó náà. Bí ó bá jẹ́ igbó ìpamọ́ ìjọba, irú èyí tó wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì tí ìnàkí ṣì wà nínú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ ṣí ewé kan nídìí láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó. Bí ó bá jẹ́ igbó òrìṣà tàbí igbó tí àwọn olóyè ń lò, ẹ lọ bá Kábíyèsí àti àwọn aláwo ibẹ̀, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ sì gbọ́ ibi tí wọ́n bá ní kí ẹsẹ̀ yín má ṣe dé. Ìkìlọ̀ àwọn baba wa wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú igbó yìí kù dòní. Bí ó bá jẹ́ ti ẹbí, ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí pe ìpàdé, kí ẹ sì rìn yí ààlà ká pẹ̀lú àwọn tó bá yín pààlà. Ẹ gbin pèrègún sí ààlà náà bí àwọn baba wa ti máa ń ṣe, nítorí pé pèrègún kì í tètè kú, kò sì sí ọmọ Èkìtì tó máa rí i tó to lọ́wọ̀ọ́wọ́ tí kò ní í mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ènìyàn méjì ni ẹ gbọdọ̀ mú dání ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yẹ igbó wò. Èkíní ni ọdẹ, nítorí pé ó mọ gbogbo ojú ọ̀nà ẹran àti gbogbo orísun omi. Èkejì ni àgbà obìnrin tó ń ta ewé àti egbò. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ló fa apá mi sẹ́yìn ní ọjọ́ tí mo fẹ́ la igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ Akíntọ́lá. Ó ní, "Ọmọ mi, rọra. Wo ewé náà dáadáa. Akíntọ́lá kọ́ nìyẹn, ọmọ igi akòko ni." Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí kò bá lè sọ orúkọ ewé tó wà níwájú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gé e.

Àkókò tó dára jù fún ìyẹ̀wò ni ìgbà tí àwọn àlejò náà bá tanná, nítorí pé wọn kò lè fara pamọ́ nígbà náà. Òdòdó ìyeyè agbálẹ̀ máa ń hàn láti ọ̀nà jíjìn bí òjò bá ti ń parí lọ, òdòdó funfun Akíntọ́lá sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ gun àpáta tó ga jù, kí ẹ ya àwòrán pẹ̀lú fóònù yín, kí ẹ sì máa ya á láti orí àpáta yẹn kan náà ní ọdọọdún. Lẹ́yìn náà kí ẹ rìn wọ inú igbó, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé: ibi tí kò sí àlejò kankan, ibi tí ọ̀kan tàbí méjì wà, àti ibi tí wọ́n ti bo gbogbo ilẹ̀.

Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀

Ìhín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe, àwa náà sì wà lára wọn. Ní ọdún kìíní tí ẹbí wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, a kọjú sí ibi tó burú jù, ìyẹn etí igbó níbi tí Akíntọ́lá ti ga ju ènìyàn lọ. A bẹ ọ̀wẹ̀, a gún iyán, àwọn ọ̀dọ́ wá pẹ̀lú àdá, nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ilẹ̀ náà mọ́ fóò bí àgbàlá. A ń yọ̀. Òjò àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀ lé e dé, ẹ̀ka márùn-ún sì yọ láti ìdí kọ̀ọ̀kan tí a gé, èso tó ti sùn sínú ilẹ̀ rí oòrùn, àwọn náà hù. Nígbà tí oṣù Agẹmọ yóò fi dé, ibẹ̀ ti ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, agbálẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ rí sì ti dara pọ̀ mọ́ ọn. A ti ṣí ilẹ̀kùn fún oòrùn, bẹ́ẹ̀ a kò ní ohun tí a lè fi tì í.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú, níbi tí igbó ṣì ti le, kí a máa bọ̀ wá síta díẹ̀díẹ̀. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì kan, Joan àti Eileen Bradley, ló dán ọ̀nà yìí wò ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà ní àwọn ọdún 1960, tí wọ́n sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe fún ènìyàn díẹ̀ láti gba igbó padà lọ́wọ́ koríko àjèjì bí wọn kò bá kánjú. Ibi tí àlejò kan tàbí méjì bá wà láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ bọ́ sí ibi tí àlejò àti ọmọ ilẹ̀ ti dọ́gba. Ibi tí àlejò ti jọba pátápátá ni yóò gbẹ̀yìn, bí ó bá tilẹ̀ gba ọdún márùn-ún kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé igbó tó wà lẹ́yìn yín ní ọ̀nà yìí ń bá yín ṣiṣẹ́: ẹ̀ka rẹ̀ ń nà síta, èso rẹ̀ ń bọ́ sórí ilẹ̀ tí ẹ wẹ̀ mọ́, ẹyẹ rẹ̀ sì ń gbin igi láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bẹ́ẹ̀ náà ni Akíntọ́lá kan ṣoṣo tó hù láàárín igbó ṣe pàtàkì ju ọgọ́rùn-ún tó wà lẹ́bàá oko lọ.

Bí a ṣe ń fà á tu

Ẹ dúró de ọjọ́ kejì òjò, nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, nítorí ejò. Ẹ má ṣe di igi náà mú lókè, nítorí pé yóò kán. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ di ìdí rẹ̀ mú níbi tí àwọn ẹ̀ka ti pínyà, kí ẹ mì í sí ọ̀tún àti sí òsì títí ẹ ó fi gbọ́ bí gbòǹgbò kéékèèké ti ń já lábẹ́ ilẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á ní tààrà sókè. Ẹ wo ohun tó bá jáde. Bí ó bá jáde dáadáa, ẹ ó rí kókó igi kan tó le, tó tóbi tó ìkúùkù ọmọdé, tí gbòǹgbò rọ̀ mọ́ yí ká bí irùngbọ̀n. Inú kókó yìí ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Bí ẹ̀ka bá jáde láìsí kókó, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ mú dígà tàbí ọkọ́, kí ẹ wá a jáde.

Ẹ gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, kí ẹ sì gbé e kọ́ orí àpáta tàbí ẹ̀ka igi pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ lókè, kí ó má baà fara kan ilẹ̀ tútù. Ohun tó tẹ̀ lé èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú fò: ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ihò tó ṣí náà pa dà, kí ẹ kó ewé gbígbẹ bò ó. Èso Akíntọ́lá nílò ìmọ́lẹ̀ kí ó tó lè hù dáadáa, nítorí náà gbogbo ilẹ̀ pupa tí ẹ bá fi sílẹ̀ lójú oòrùn ń pè é wá. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà rí bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò dé ibẹ̀.

Lórí ibi tó dàgẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe fa gbogbo rẹ̀ tu lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ orí àpáta wa kò jìn, bí òjò ńlá bá sì bá a ní ìhòòhò, yóò ṣàn lọ sí odò. Ẹ fa ìlà kan, kí ẹ fi ìlà kan sílẹ̀, kí ẹ máa gé orí ìlà tí ẹ fi sílẹ̀ náà ṣáájú oṣù Bélú kí ó má baà so, kí ẹ sì padà wá fà á tu ní ọdún kejì nígbà tí ìlà àkọ́kọ́ bá ti ní ohun tó bò ó. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé èyí tí ẹ bá pàdé ti so, ẹ rọra gé orí rẹ̀ sínú àpò ṣáájú ohunkóhun, kí ẹ di ẹnu àpò náà, kí ẹ sì lọ sun ún níbi tó jìnnà sí igbó. Ti agbálẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Bí a bá gé e nígbà tí kò tíì tanná, ewé rẹ̀ jẹ́ ajílẹ̀ tó dára púpọ̀ fún oko, àgbẹ̀ tó bá sì mọ èyí yóò wá gé e fúnra rẹ̀. Ewé nìkan ni kí wọ́n kó lọ. Kí wọ́n fi igi rẹ̀ sórí àpáta kí ó gbẹ.

Wọ́n máa ń bi mí nípa oògùn apakoríko. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó rárá, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ẹ̀rọ fọ́n ọn ká inú igbó, nítorí pé kò ní í yan Akíntọ́lá sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ìrókò. Bí kókó kan bá wà láàárín òkúta tí dígà kò lè dé, a lè gé e mọ́lẹ̀, kí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ojú ibi tí a gé náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ní ọjọ́ tí òjò kò ṣú. Ẹ má ṣe dá a wò lẹ́bàá orísun omi. Omi orí òkè wa, bí ti Ìkọ́gòsí níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, àti bí ti Àrìǹta ní Ìpólé-Ìlórò, ń lọ sí ẹnu ènìyàn. Ẹ sì rántí pé àjọ NAFDAC ti fòfin de oògùn páràkúàtì pátápátá láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ṣì fẹ́ tà á fún yín, ẹ má rà á.

Ní erékùṣù Guam, wọ́n kó kòkòrò kan wá ní ọdún 1985 tó ń jẹ ewé Akíntọ́lá nìkan, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ gidigidi. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìjọba ni èyí, lẹ́yìn àyẹ̀wò ọlọ́jọ́ pípẹ́. Kí ẹbí tàbí ìlú kankan má ṣe kó kòkòrò àjèjì wọ ilẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀.

Ìbòòji

Bí ẹ bá fa ẹgbẹ̀rún Akíntọ́lá tu tí ẹ kò ní ìbòòji láti fi rọ́pò wọn, ẹ óò tún fa ẹgbẹ̀rún mìíràn tu ní ọdún tó ń bọ̀. Ewéko oòrùn ni. Lábẹ́ igi tó ti pa orí pọ̀, ó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, á rọ, kò ní í so, lẹ́yìn náà yóò kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ti rí i tó kú bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ahùn tí a gbìn, gbogbo rẹ̀ funfun bí egungun, bẹ́ẹ̀ a kò dé ibẹ̀ fún ọdún méjì.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ti wà nílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ibi tí Akíntọ́lá bò, ọmọ igi ìbílẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń wá ìmọ́lẹ̀. Ẹ wá wọn, kí ẹ so okùn pupa mọ́ wọn lára kí àdá má baà ṣì wọ́n gé, kí ẹ sì fa àlejò tu yí wọn ká ní ìwọ̀n apá kan. Ọmọ tó ti ní gbòǹgbò níbẹ̀ sàn ju mẹ́ta tí a gbé wá láti inú ọ̀rá lọ. Ibi tí kò bá sí ọmọ igi ni a ó gbìn sí, láti oṣù Igbe títí dé oṣù Òkúdù. Ẹ gbin àwọn tó ń yára dàgbà ṣáájú, bí ahùn, ayùnrẹ́ àti arère, ní ìwọ̀n mítà méjì sí ara wọn, kí orí wọn lè tètè pàdé. A lè gé ẹ̀ka igi akòko kí a sì rì í mọ́lẹ̀, yóò hù.

Ẹ má ṣe gbin ìrókò sí ojú oòrùn gbangba, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó. Kòkòrò kan tí ń jẹ́ Phytolyma máa ń kọlu ọmọ ìrókò, ewé rẹ̀ á wú kókókókó, àwọn kókó náà á bẹ́, orí igi náà á sì kú. Ìgbà tí àwọn ahùn àti ayùnrẹ́ bá ti ga ju ènìyàn lọ ni kí ẹ gbin ìrókò sábẹ́ wọn, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, láàárín igi oríṣiríṣi. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ gbin ọ̀mọ̀ àti àfàrà. Ẹ dá igi ọ̀dàn sí níbikíbi tí ẹ bá ti rí i, nítorí pé ẹyẹ tó wá jẹ èso rẹ̀ yóò fi èso igi mìíràn sílẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi mẹ́línà tàbí tíìkì dí àyè náà nítorí pé owó wà nínú wọn. Wọ́n dára ní oko igi. Inú igbó ìbílẹ̀ kọ́ ni àyè wọn, ìtàn bí Akíntọ́lá ṣe dé sì ti tó wa fún ìkìlọ̀.

Iná àti ẹnubodè

Ní oṣù Bélú, kí koríko tó gbẹ tán, ẹ gé ọ̀nà yí igbó náà ká ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oko, kí ó fẹ̀ tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20, kí ẹ sì gbá ewé gbígbẹ orí rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ṣe àdéhùn ọjọ́ tí wọn yóò sun oko, kí ẹ sì bá wọn dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ náà pẹ̀lú ewé tútù àti omi. Ọdún kan tí iná bá wọ igbó lè ba iṣẹ́ ọdún mẹ́fà jẹ́, àlejò tí a lé lọ ni yóò sì kọ́kọ́ padà wá hù lórí eérú rẹ̀.

Ní erékùṣù South Georgia, lápá gúúsù ayé níbi tí yìnyín wà, wọ́n kéde ní ọdún 2018 pé àwọn ti pa gbogbo eku tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé ibẹ̀ tán. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀ kalẹ̀ sí ibẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ bàtà, aṣọ àti àpò rẹ̀ wò, kódà wọ́n máa ń yẹ èso koríko tó lẹ̀ mọ́ etí ṣòkòtò wò. Kò sí ohun tó ní kí àwa má ṣe irú rẹ̀. Ẹ yan ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọn ó máa gbà wọ igbó yín, kí ẹ gbé pákó kan, búrọ́ọ̀ṣì líle kan àti omi sí ibẹ̀, kí ẹni tó bá ti oko bọ̀ gbọn aṣọ rẹ̀, kí ó fọ àdá àti bàtà rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ẹ má ṣe gba yanrìn tàbí ilẹ̀ dúdú láti ẹ̀bá ọ̀nà ọlọ́dà wọ inú rẹ̀. Ọmọ igi tí ẹ bá rà wá láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ gbé e sí ìta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ rí ohun tí yóò hù nínú ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ tó gbé e wọlé.

Ìpadàbọ̀

Ní erékùṣù Gough nínú òkun Atlántíìkì, wọ́n fi hẹlikópítà fọ́n oúnjẹ olóró káàkiri ní ọdún 2021 láti pa àwọn eku tó ń jẹ ọmọ ẹyẹ láàyè. Kí ọdún náà tó parí, eku tún hàn. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ti tó láti kún gbogbo rẹ̀ padà. Ti erékùṣù Macquarie, tó jẹ́ ti Ọsirélíà, tún yàtọ̀: wọ́n pa àwọn ológbò tó wà níbẹ̀ tán ní ọdún 2000, ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ológbò mọ́, ehoro pọ̀ sí i, wọ́n sì jẹ koríko ẹ̀gbẹ́ òkè títí ilẹ̀ fi ń ya. Ọdún 2014 ni wọ́n tó lè kéde pé ehoro, eku ńlá àti eku kékeré ti tán níbẹ̀. Ohun tó ṣe àwa náà nìyí nígbà tí a lé Akíntọ́lá lọ tí agbálẹ̀ gba àyè rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ń fa ọ̀kan tu, ẹ máa wo ẹni tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ mú ọjọ́ kan nínú oṣù tí ẹ ó máa padà lọ, ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, kí ẹ sì ṣe é ní àáró bí ẹbí méjì bá ní igbó tó súnmọ́ ara wọn: ẹ wá sí tiwa lónìí, a ó wá sí tiyín ní ọjọ́ kejìlá. Láti oṣù Igbe títí dé oṣù Ògún, ìdí tó tún yọ àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni ẹ ó máa fà. Ọmọ tí kò tíì ga tó àtẹ́lẹwọ́ máa ń jáde pẹ̀lú ìka méjì, ọmọdé pàápàá lè ṣe é, ó sì dára kí ọmọdé wà níbẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè mọ ewé. Ní oṣù Ọ̀wàrà, kí ẹ rìn gbogbo etí igbó náà yí ká láìfi ibì kankan sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé Akíntọ́lá kankan kò ní àǹfààní láti tanná ní ọdún náà. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Bí ọwọ́ yín kò bá ká ju ọjọ́ kan lọ láàárín ọdún, ọjọ́ yìí ni kí ẹ mú.

Ẹ kọ iye tí ẹ fà tu sínú ìwé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti fà á. Bí iye náà bá ń dínkù níbì kan fún ọdún méjì léra, ẹ lè sún ìlà yín síwájú ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ogún. Bí kò bá dínkù, ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ gbin igi sí i. Ní tiwa, ó gbà wá ní ọdún mẹ́rin kí a tó dé ibi tí a ti kọ́kọ́ bẹ ọ̀wẹ̀ ní ọdún kìíní. Ahùn tó wà níbẹ̀ ti ga tó òrùlé ilé, a sì rí ọmọ ìrókò mẹ́ta tí a kò gbìn lábẹ́ rẹ̀ ní oṣù Ẹ̀bìbí tó kọjá.